Gángan ló sọ pé ọkọ, téèpù ló sọ pé ọkọ́

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé bírò. Ó ní gbogbo orin tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà gbà sílẹ̀, òkú ọmọ ni, pé àfi kí àwọn sítúdíò wa padà sídìí téèpù. Ọmọ náà mọ̀wé kọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á ni mo ń bi ara mi pé, ṣé ọmọ yìí ti fi abẹ gé téèpù rí? Ṣé ó ti sáré jáde lóru rí, lọ da epo sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí onígángan ṣì wà lẹ́nu ọ̀rọ̀?

Èmi ti ṣe méjèèjì. Ọdún 1984 ni mo wọṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí yàrá rẹ̀ wà lókè ìsọ̀ aládìrẹ kan ní Ìtòkú. Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí títí di òní, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Nítorí náà kì í ṣe pé mo kórìíra téèpù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: àwa kì í ṣe Òyìnbó. Òkè ohùn, ilẹ̀ ohùn, àárín ohùn, òun la fi ń sọ̀rọ̀, òun náà ni ìlù wa fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó bá ti fọwọ́ kan ohùn wa, ọ̀rọ̀ wa ló fọwọ́ kàn. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti máa wo ẹ̀rọ, ká tó wo ohun tí wọ́n ń ṣe nílùú London.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ téèpù ṣe rí fún àwọn tí kò bá a. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fà lé mi lọ́wọ́ ni kí n máa fi òwú àti sípírítì nu orí ẹ̀rọ láràárọ̀. Orí mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ní. Ọ̀kan ń pa ohùn àná rẹ́, ọ̀kan ń gba tòní, ọ̀kan ń sọ ohun tí èkejì gbà jáde. Téèpù a máa pa àwọ̀ pupa rúsúrúsú sí wọn lára, bí ìpẹtà. Ìpẹtà náà ni, torí irin tó ti dípẹtà ni wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi kun ara téèpù. Bó bá ti dí ojú orí ẹ̀rọ pẹ́nrẹ́n, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó. Ọ̀gá á kàn wò mí lójú, á ní, "Ohùn ti wẹ̀wù o."

Bí a bá fẹ́ yọ àṣìṣe kan, ọ̀gá á fi ọwọ́ méjèèjì yí àgbá téèpù síwá sẹ́yìn, ìlù á máa kùn wúùrù-wúùrù, títí ọwọ́ ìlù tó ń wá á fi dé ojú orí ẹ̀rọ gẹ́lẹ́. Á fi pẹ́ńsù funfun sàmì sí i. Á tẹ́ téèpù sínú ihò irin kan, á fi abẹ gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kì í gé e lóòró gan-an, torí bó bá gé e bẹ́ẹ̀, etí á gbọ́ "tá" níbi tó ti so ó pọ̀. Lọ́jọ́ kan, èérún téèpù kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Kò gùn ju ínǹsì mẹ́ta lọ. Ínǹsì 15 ni téèpù wa ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìfọ́tí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ìyáàlù ni mo fi bàtà tẹ̀ yẹn.

Àwọn tó ń sọ pé téèpù ni ojúlówó àtètèkọ́ṣe tún ń mú mi rẹ́rìn-ín. Kí téèpù tó délé ayé wa, ọmọ Abẹ́òkúta ti gba orin sílẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ló lọ sí London láàárín àwọn ọdún 1920 lọ kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Lórí ìda ni wọ́n ń gbẹ́ ohùn sí nígbà náà, ojú àwo kan kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá ṣì í kọ, kò sí abẹ, kò sí kọ̀ǹpútà, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ìgbà ló ń sọ nǹkan di ojúlówó, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìda.

Ó wá ku ohun tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn ń gbọ́ lára téèpù tó ní ó ń rọ̀ létí. Kò parọ́. Bí onílù bá lu ìlù ju agbára téèpù lọ, téèpù kì í kọ̀ fún un lójijì. Á kàn fi ọwọ́ pa orí ohùn náà rọra, á yí i róbótó. Kọ̀ǹpútà kò mọ àánú yẹn. Òrùlé ló ní. Odo ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí ohun kan lókè odo. Ìlù tó bá forí gba òrùlé náà, fífọ́ ló ń fọ́, á máa ya bí aṣọ. Àwọn ọmọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lóde òní gbọ́ pé àwọn àgbà máa ń jẹ́ kí ọwọ́ míta tó ń wọn agbára ohùn lọ wọ inú pupa, àwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, wọ́n wá ń ní kọ̀ǹpútà kò dáa. Wọn ò bi wá ìdí tí a fi ń ṣe é. Ìdí ni pé téèpù a máa dún sáà lábẹ́ orin bí òjò tó jìnnà. Bí ohùn bá kéré, sáà yẹn á bò ó, a sì ní láti tì í sókè. Kọ̀ǹpútà kò ní sáà yẹn. Bí ẹ bá fi bíìtì 24 gbà á (bíìtì ni ìwọ̀n bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ohùn sílẹ̀ fínnífínní tó), ẹ jẹ́ kí ìlù tó le jù lọ dúró ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 12, tí a fi ń wọn agbára ohùn, nísàlẹ̀ odo, kò sí ohun tí yóò sọnù níbẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn nìkan ti tó owó ẹ̀rọ téèpù kan.

Ohun mìíràn tó ń rọ̀ létí, téèpù kọ́ ló ni ín. Ẹ gbé àwo Àyìnlá Ọmọwúrà kan, olórin àpàlà ọmọ ìlú wa tó fi wá sílẹ̀ lọ́dún 1980, kí ẹ tẹ́tí sí i. Àwọn ènìyàn ni ẹ ń gbọ́ tí wọ́n jọ wà níbì kan, tí onílù ń wo ẹnu olórin, tí ègbè ń mí pọ̀. Àwọn ọmọ ìwòyí ń gba onígángan lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ń gba ègbè lọ́jọ́ Ẹtì, olórin á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Lẹ́kí. Bí ẹ bá fi téèpù tó fẹ̀ tó ojú títì gba irú ìyẹn, bákan náà ni yóò máa dún.

Mo fẹ́ sọ ti ọkọ́ tí mo fi ṣe àkọlé.

Ọdún 1992 ni, a ń gba ìlù ìgbéyàwó sílẹ̀ fún ẹbí kan láti Kémta. Iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, a tan jẹnẹrétọ̀ kékeré. Àwọn ẹ̀rọ téèpù kan wà tí mọ́tò wọn ń ṣọ́ ìrìn ara rẹ̀. Tiwa kì í ṣe irú wọn. Ìgbà mélòó tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni mọ́tò tiwa ń tẹ̀ lé. Iná ojú wáyà ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré, bí epo bá ń lọ sílẹ̀ tàbí tí ẹnì kan nílé bá tan áyọ́ọ̀nù, á súnkì, á wá sí 47, mọ́tò á sì bá a rọ̀. Onígángan wa ń ki ọkọ ìyàwó. Ó fi "ọkọ" parí ìlà kan, ohùn àárín àti ohùn àárín, ó sì fa èkejì gùn kó lè dùn. Orí èkejì yẹn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ súnkì sí. Nínú yàrá, kò sẹ́ni tó fura. Ọkọ la gbọ́, ọkọ ló lù.

Nígbà tí iná dé tí a tẹ̀ ẹ́ padà, ohùn kejì ti gòkè. Gángan ní "ọkọ́." (Ẹ̀yin tó ń rò pé wíwálẹ̀ ló yẹ kó wálẹ̀, ẹ tún un rò. Téèpù fẹsẹ̀ falẹ̀ nígbà tí a ń gba ohùn. Nígbà tí a ń gbọ́ ọ, ó rìn bó ṣe yẹ. Ohun tí a gbà pẹ̀lú ìfàsẹ́yìn wá ń sáré, ohun tó bá sì sáré, ohùn rẹ̀ á ga. Láti 47 sí 50, ó lé díẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan lórí dùùrù, bí ìgbà tí ìka kúrò lórí kọ́kọ́rọ́ funfun bọ́ sórí dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.) Owó ẹbí ti wà lápò wa, ìlù sì ń sọ fún gbogbo Ẹ̀gbá pé ọkọ́ ni wọ́n fi ọmọ wọn fún. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá rántí pé òun ni òun máa sanwó rẹ̀. A tún pe onígángan padà lọ́jọ́ kejì. Ọkọ di ọkọ́, ọkọ́ di owó ọkọ̀.

Kọ̀ǹpútà kò mọ 50, kò mọ 47. Nínú àpótí kékeré tí wáyà máìkì ń wọ̀, kirisítálì kan ló ń ka àkókò níbẹ̀, ìran èyí tó wà nínú aago ọwọ́ yín. Ó ń wo ohùn ní ìgbà 44,100 tàbí 48,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ń kọ iye tó bá níbẹ̀ sílẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ará ilé kejì kò kàn án. Bí iná bá kúkú lọ pátápátá, bátìrì láptọ́ọ̀pù wà níbẹ̀. Fún ìlú tí iná rẹ̀ rí bí tiwa, tí ìlù rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀, èmi ò rí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀ mọ́.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì ti di agbódegbà kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà ti dójú tì mí. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan láti Ọbáńtokò wá gba orin àdúrà sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ wa. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló jókòó ti ẹ̀rọ, mo lọ jẹun. Ó lọ tan Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ti wà láyé láti 1997 tí ó ń fa ohùn tó bá yẹ̀ lọ sórí kọ́kọ́rọ́ dùùrù tó bá sún mọ́ ọn jù. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń lé orin fi ohùn ìsàlẹ̀ méjì pe "Ògùn" bó ṣe yẹ ká pe odò wa àti ìpínlẹ̀ wa. Ohùn kejì rẹ̀ bọ́ sí àárín kọ́kọ́rọ́ méjì, ẹ̀rọ sì yan ti òkè fún un. Nígbà tí mo dé, ìjọ Ọlọ́run ń gbàdúrà fún Ìpínlẹ̀ Ògún. Alága akọrin dìde, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí pásítọ̀ lé wa ni?"

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé mo tẹ bọ́tìnnì kan, Ògún padà di Ògùn. Ohùn ọmọbìnrin náà wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe kọ ọ́ látẹnu. N kò pe ẹnikẹ́ni padà, n kò sanwó ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà mo kọ ọ́ sára ògiri sítúdíò mi pé ẹni bá tan Auto-Tune sórí orin Yorùbá láìsọ fún mi, ilé rẹ̀ ni yóò sùn. Mo kọ ọ́ bákan náà fún èyí tó ń fa ọwọ́ ìlù sórí ìlà tó gún régé. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó bá gún régé, iṣẹ́ aago ogiri ló ń ṣe yẹn.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Òbírí téèpù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2,500, bó bá ń rìn ní ínǹsì 15, ìṣẹ́jú 33 péré ni. Kò sí ìsọ̀ kan ní Kútọ̀ tàbí ní Sápọ́n tí mo ti lè rí i rà, òkè òkun lẹ máa ránṣẹ́ sí. Wákàtí kan ohùn lọ́tùn-ún lósì, ní bíìtì 24 àti ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò ju nǹkan bíi gígábáìtì kan lọ. Fláàṣì tí ọmọ ilé-ìwé fi ń so kọ́kọ́rọ́ á gba ọgọ́ta wákàtí.

Fláàṣì ọ̀hún náà ló mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Lọ́dún 2009, mo gba ohùn màmá arúgbó kan sílẹ̀ tó ń dá ègè, ewì alohùn àwa Ẹ̀gbá, ègè tòótọ́, irú èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò gbọ́ rí. Wákàtí kan ààbọ̀. Inú háàdì dísìkì ni mo kó o sí. Nígbà tí mo fẹ́ fún màmá ní tiwọn, mo ní kí n fi àwo CD fún wọn, wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi gbọ́ àwo, kásẹ́ẹ̀tì ni kí n bá àwọn ṣe. Mo ṣe é, mo ń kùn nínú. Màmá papòdà lọ́dún 2011. Lọ́dún 2013, dísìkì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà tí mo gbé e lọ bá, orí ni wọ́n mì. Èmi àgbà agbohùnsílẹ̀, n kò ní ẹ̀dà kejì.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni ọmọ màmá bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú agolo bísíkíìtì. Ó ń dún sáà, ó sì ti rọ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbọ́ ọ jù. Ṣùgbọ́n gbogbo ègè náà wà níbẹ̀, àti ìkọ́ màmá, àti ibi tí wọ́n ti dákẹ́ tí wọ́n ní kí n bu omi fún àwọn. Mo fi kọ̀ǹpútà gbà á lórí kásẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀dà kan wà nílé mi ní Láfẹ́nwá, ọ̀kan wà nílé àbúrò mi ní Ìbarà. Bí omi bá wọ ilé kan, kò ní wọ èkejì lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì bàbá yín àti ìyá yín nílé, ẹ má fi sínú yàrá tí òrùn ń pa tàbí tí òjò ń jò sí. Bó bá ti hu funfun, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ láti dán an wò o. Ìgbà kan ṣoṣo yẹn lè bó gbogbo ohùn dànù lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbé fóònù sí ẹnu rédíò láti gba ohùn tó ń jáde. Wáyà ni kí ẹ fi so ó. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bó ṣe tóbi tó kí ẹ tó ṣe MP3 rẹ̀ fún àwọn ẹbí, torí MP3 tó kéré ń da ohun tó rò pé etí yín kò nílò nù, ẹ kò sì ní rí i kó padà.

Lẹ́yìn tí lẹ́tà ọ̀dọ́kùnrin yín jáde, ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ téèpù ńlá kan wá sọ́dọ̀ mi nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó ti ka lẹ́tà náà. Ó fẹ́ ta láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kí ó fi owó rẹ̀ tún ẹ̀rọ náà ṣe, kí ó máa fi gba orin. Rọ́bà tó ń tẹ téèpù mọ́ ọ̀pá mọ́tò ti gan bí òkúta, eruku inú rẹ̀ sì tó dá oko. Mo ní kó má ta láptọ́ọ̀pù o, kó má sì ta ẹ̀rọ náà. Láptọ́ọ̀pù ni ká fi gba orin tuntun, ẹ̀rọ ni ká fi gbọ́ ti àtijọ́, torí bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá tán nílùú, gbogbo téèpù ńlá tó wà ní àjà ilé kálukú á di okùn.

Ó tún padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú òbírí téèpù kan tó bá ní àjà ilé bàbá bàbá rẹ̀. Mo ti wá rọ́bà sí ẹ̀rọ náà. A fi ọwọ́ tú téèpù díẹ̀díẹ̀, kò lẹ̀, kò hu. A so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, a tẹ̀ ẹ́. Àkùkọ kan kọ. Ọkùnrin kan ní, "Ṣé ó ti ń gbà?" Ẹlòmíràn ní, "Má sọ̀rọ̀ mọ́." Ìyáàlù wá bọ́ sí i, ọkùnrin kejì yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ègè. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni, lẹ́yìn náà téèpù já.

A kò mọ ẹni tó ni ohùn náà. Ọmọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n, bàbá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bírò ti ṣí kúrò lára páálí rẹ̀, "Ìj" àti "67" nìkan ló kù. "Ìj" lè jẹ́ Ìjẹmọ̀, ó lè jẹ́ Ìjeùn, ó lè jẹ́ Ìjàyè. Bí ẹnikẹ́ni lára àwọn òǹkàwé yín ládùúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní bàbá tàbí bàbá àgbà tó ń dá ègè lásìkò náà, kí ó kọ̀wé sí yín, Olóòtú, kí ẹ wá fi tó mi létí. Èmi àti ọmọkùnrin náà á gbé ẹ̀rọ wá sílé wọn. Bí iná kò bá sí, a óò dúró dè é.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì,
Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta